Ilẹ̀ Tí Kobuti Fi Ránṣẹ́

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ tí o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, máa bọ̀ níbí, ohùn mi kò lágbára mọ́, orin ti gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kòtò bábáì bàbá wa àti ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi Kobuti fi ránṣẹ́ sí láàbù. Ọ̀rọ̀ náà korò, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ wá gbọ́ ọ.

Ní erékùṣù wa níbí, ilé tó ní bábáì ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní máníàbà, ilé ìpàdé wa. Ẹja, ta ni kò ní? Àgbọn, ó ń já lu àwọn ọmọ lórí. Ṣùgbọ́n bábáì, kókò ńlá tó ń gbé inú kòtò olómi, ọdún gbọọrọ la fi ń tọ́ ọ. A ó hun apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí yí i ká, a ó gé ewé sínú rẹ̀, a ó da ilẹ̀ dúdú lé e, kó jẹrà, kó di oúnjẹ rẹ̀. Irú ewé wo? Èwo ló ń ṣáájú? Àṣírí ilé kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Kobuti nìkan ni bàbá wa sọ tiwa sí létí. Èmi, orin ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi:

Bábáì bàbá mi, sùn sínú ẹrẹ̀,
Ewé ń bò ọ́ bí aṣọ,
Òjò ń fún ọ lómi mu.
Òkun, jọ̀ọ́, dúró síbi tó o wà.

Òkun kò gbọ́ orin o. Lọ́dún náà, omi rẹ̀ kún kọjá ààlà, ó gun ojú ọ̀nà, ó wọ inú àwọn kòtò, ó sì padà lọ bí àlejò tó ti yó. Kòtò kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún wa. Bí bábáì ibẹ̀ bá kú, kò sí èyí tí a ó tún gbìn, orúkọ bàbá wa sì tán ní máníàbà.

Teretia, ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ àgbẹ̀, wọkọ̀ ojú omi wá. Ó fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rá kékeré.

“Bàbá,” ó wí fún Kobuti, “ẹ ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ bu èyí tó wà nídìí gbòǹgbò. Màá gbé e lọ sí láàbù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí iyọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ tètè hú bábáì yín, ẹ lọ gbìn ín síbòmíràn kí gbòǹgbò tó jẹrà. Tí kò bá sí iyọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí híhú náà lè pa á.”

Tebaua, ọmọ àbúrò bàbá wa, ní kòtò láàárín igbó, níbi tí omi òkun kò dé. Ó ti fi àyè sílẹ̀ fún wa.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kó wọn bọ̀ jàre. Àbí ẹ ń bẹ̀rù pé bábáì tèmi á fi tiyín ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Bábáì kẹ̀? Mo rò pé àlùbọ́sà lo gbìn síbẹ̀,” Kobuti dá a lóhùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. “Jẹ́ ká gbọ́ ti láàbù ná.”

Ohun tó wá ṣe, a kò mọ̀ ọ́n àfìgbà tó bàjẹ́ tán. Ó mú ọ̀rá dé etí kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ láti bu ilẹ̀, ọkàn rẹ̀ bá kọ̀. Ó ní àwọn ará láàbù yìí, ẹ̀rọ wọn ń rí ohun tí ojú kò rí. Tí wọ́n bá da ilẹ̀ yìí sínú ìgò, wọ́n á ka gbogbo ewé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Teretia, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ abúlé kejì, á sì gbé àṣírí wa lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ló bá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó bu ilẹ̀ ààtàn ibẹ̀, ilẹ̀ tí òkun kò tọ́ wò rí, ó so ẹnu ọ̀rá, ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tó yá, fóònù dún. “Bàbá, ẹ kú oríire! Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ yín dára gan-an.”

Ẹ bá mi wo ẹ̀gbọ́n mi, ó jó! Ó jó yí kòtò po. Ẹni tó mọ ibi tó ti bu ilẹ̀ ló ń jó yìí o. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ títí ó fi gbà á gbọ́ pé erékùṣù kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo ń kọrin, mo ń pàtẹ́wọ́. Tebaua náà bá wa yọ̀, ó sì fún àwọn àna rẹ̀ ní àyè tó fi sílẹ̀ dè wá.

Kò pẹ́, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, etí ewé yìí ń jóná,” mo wí.

“Oòrùn ni.”

“Oòrùn lábẹ́ ìbòòji?”

“Boutu, láàbù ti sọ̀rọ̀! Ìwọ tí o sá kúrò ní kíláàsì kejì, ṣé o fẹ́ kọ́ láàbù níṣẹ́ ni?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá láàbù.”

Ó ń gé ewé sí i láràárọ̀, ó ń bọ́ wọn bí ẹni ń bọ́ aláìsàn tí kò lè gbé e mì. Apẹ̀rẹ̀ kún, bábáì ń gbẹ.

Nígbà tí Teretia padà wá, ó ki ọ̀pá ẹ̀rọ rẹ̀ bọ omi kòtò. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó tún kì í bọ̀ ọ́.

“Bàbá, iyọ̀ ló kún ibí yìí. Níbo lẹ ti bu èyí tí ẹ fi ránṣẹ́?”

Kobuti ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Kí ló dé?”

“Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ yín ka ewé wa.”

Ọmọbìnrin náà jókòó sí etí kòtò, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ ẹrẹ̀. “Bàbá, ẹ̀rọ wa ò mọ orúkọ ewé kankan. Iyọ̀ ló ń wá. Ká ní a ti mọ̀ nígbà yẹn...”

Tebaua dúró níbẹ̀, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti parí.

A hú wọn. Gbòǹgbò ti dúdú, àwọn ọmọ ìdí wọn náà ti rà, kò sí ọ̀kan tó ṣeé gbìn. Mo fẹ́ kí ara tu àwọn ènìyàn, mo bá dá orin: “Ta ló gbé iyọ̀ wá sí kòtò wa, tí kò mú ẹja dání?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kobuti náà rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà fi já mọ́ ọn lẹ́nu, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

A gé ibi tó jẹrà dànù. Ibi tó kù, a sè é nínú ihò ilẹ̀ tí a kó òkúta gbígbóná sí, a da omi àgbọn rírin lé e, a gbé e lọ sí máníàbà fún gbogbo abúlé. Bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, Kobuti dìde. Ó pe orúkọ àwọn ewé náà sókè, èyí tó ń ṣáájú, èyí tí a kọ́kọ́ ń sá sóòrùn, gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn ènìyàn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ.

“Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n,” ni Tebaua wí jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹun.”

Ó jókòó, ó jẹun. Èmi náà jẹ. Ó dùn, mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn dé eegun, mi ò sì jẹ irú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí àwo gbẹ, oníkálùkù nu ọwọ́, wọ́n gbé àwọn ọmọ tó ti sùn kọ́ èjìká, wọ́n ní a ṣeun, ó tó, ó dọ́ṣọ̀. Gbogbo wọn lọ sílé ní àjẹyó.