Àga Pálọ̀ Ìyá Mi

Ṣọlá, o mọ̀ pé mo máa ń ra àga onígi àtijọ́, irú èyí tó wà nílé wa nígbà èwe mi. Lójú àlá lánàá, mo lọ ra irú rẹ̀ nílé kan, àfi bí mo ṣe rí i pé pálọ̀ wa ni. Ìyá mi tó ti kú wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bí àlejò. Mo fẹ́ sọ pé, "Màámi, èmi ni," ẹnu mi kò ṣí, ọwọ́ mi sì ń kó àga síta.

Ó di ẹsẹ̀ àga kan mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ọkọ mi ń bọ̀ wá jókòó!"

Mi ò dúró. Ló bá figbe ta: "Olè!"

Mo ta jí. Ìyá mi wo ojú mi, Ṣọlá, kò dá mi mọ̀.