Omi Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ìdúpẹ́

"Mi ò fẹ́," Oyèdélé wí. Ó yí ojú kúrò lára ẹ̀rọ.

Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wo dókítà. Dókítà Félix nàka sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ń fi inú ara hàn ti gbé àwòrán jáde: ibì kan dúdú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún baba náà, wọ́n gé lára ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù. Láti ìgbà náà ni omi ti ń jò síbẹ̀. Ó ti ń di ọyún. Ibà ò jẹ́ kó sùn.

"Papa, wọn ò ní là yín mọ́," Wúràọlá ní. "Abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n á máa wo ojú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé, wọ́n á wá fi rọ́bà tín-ín-rín síbẹ̀ kí omi máa dà jáde. C'est tout, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo gbọ́."

"Tí wọn ò bá fà á, á wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lè kú, Papa."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà."

Kò sọ ohun tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ló ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ wọn ní àdúgbò Gounghin. Ó jó dé iwájú pẹpẹ, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti wo òun sàn pátápátá. Ìjọ ké halelúyà. Ibà ti mú un láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti se oúnjẹ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Alàgbà Ọlánípẹ̀kun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló wọlé. Wúràọlá ló pè é.

"Ìwọ náà ti gbọ́," Oyèdélé wí.

"Mo gbọ́. Òpùrọ́ àgbà." Ọlánípẹ̀kun jókòó. "O rántí òrùlé yín ní Cissin?"

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Ìgbà tí màmá rẹ kan páànù tuntun. Ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó se ìrẹsì fún gbogbo àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì, òjò ṣí páànù lọ. Ṣé ó jókòó sínú omi torí pé ó ti dúpẹ́?"

"Ó pe káfíńtà."

"Ó ní kí káfíńtà bi ìrẹsì tó jẹ jáde!"

Oyèdélé rẹ́rìn-ín. Ikùn dùn ún. Cissin ìgbà náà, ewúrẹ́ pọ̀ ju mọ́tò lọ. Ẹní kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ ilé tirẹ̀ àti ti Ọlánípẹ̀kun jọ sùn lé, òórùn ilẹ̀ tútù ń wọlé. Bàbá rẹ̀ ti ọjà Sankaryaré dé, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó. Màmá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Gbogbo wọn ti lọ. Láyé yìí, Ọlánípẹ̀kun nìkan ló kù tó mọ ohùn ìyá rẹ̀.

"Wúràọlá," ó wí, "pe pásítọ̀."

"Kí n ní kí ni?"

"Pé mo wà ní ọsibítù. Pé ibà wà lára mi lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Kí wọ́n gbàdúrà."

Wúràọlá mú fóònù jáde síta. Oyèdélé kọjú sí dókítà.

"Ṣé ọ̀rẹ́ mi lè dúró?"

"D'accord, ó lè dúró, Papa. Kó má ṣáà fara kàn yín."

"Barka," Oyèdélé dúpẹ́. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń pa ara kú. Ó di etí ibùsùn mú, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọlá, lọ́jọ́ òjò yẹn, ta ló gbé mi kọjá omi dé ilé yín?"

"Màmá mi ni."

"Sọ ìtàn màmá rẹ fún mi."

Ọlánípẹ̀kun bẹ̀rẹ̀. Dókítà tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó sì ti abẹ́rẹ́ gígùn náà wọlé.