Orúkọ Òkè-Àpárá

"Ẹni tó bá fara mọ́ orúkọ tuntun, kó nawọ́ sókè."

Alága ẹgbẹ́ onílé, Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mọ̀nsúrát, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Toheeb, jókòó sórí àga rọ́bà lẹ́yìn. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ àdúgbò Òkè-Àpárá dó lọ́nà Ìmọ́tà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ àti eèsún. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń bọ̀ wá ri bọ́ọ̀dù àdúgbò mọ́lẹ̀. Orúkọ tí ìpàdé bá fẹnu kò lé lórí lónìí ni wọn yóò kọ sí i.

"Ẹ dúró ná, Alága," ó ní. "Kí ló ṣe Òkè-Àpárá?"

Saheed, tí kò tíì lo ọdún méjì nínú ilé tuntun rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Mà. Òkè dà níbí? Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Áílàńdì bi mí pé ṣé káwọn mú àkàsọ̀ dání táwọn bá ń bọ̀ wá kí mi. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni kí wọ́n mú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Toheeb kò rẹ́rìn-ín.

"Inverness ni orúkọ tí mo mú wá," Alága wí. "Ìlú tí ọmọ mi Ẹwàolúwa ń gbé ní Kánádà nìyẹn. Mo lo oṣù méjì níbẹ̀. Ìlú náà mọ́ tónítóní. Inverness Ẹ́sítéètì. Àbí kò wuyì?"

"Ó wuyì. Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ará Sikọ́tílándì ni." Ìbéèrè náà dùn mọ́ Alága. "Àwọn tó ni ilẹ̀ lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò lóko bàbáńlá wọn, torí wọ́n fẹ́ fi sin àgùntàn. Wọ́n bá wọkọ̀, wọ́n sọdá òkun. Ibi tí wọ́n dé, orúkọ ilé ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lágbègbè yẹn lọ jàra."

"Ilé tí wọ́n ti kúrò ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà dáadáa. Inverness tó fẹjú jùyẹn lọ wà ní Sikọ́tílándì títí dòní."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Toheeb àti ọkọ rẹ̀ fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọn á ní Ọ̀ṣun làwọn ti wá, ó tán. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fojú àánú wo àwọn. Ọkọ rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè. Ìyá Toheeb dìde.

"Tiwọn sàn," ó ní. "Tiwa kò sí mọ́. Òkè-Àpárá ni orúkọ abúlé tá a ti wá. Ìjọba sé odò wa kí àwọn ará ìgboro lè rí omi ẹ̀rọ mu. Omi bo ilé, ó bo mọ́sálásí, ó bo sàréè ìyá mi. Ìdílé mẹ́rin la kó sínú lọ́ọ̀rì kan. Wákàtí mẹ́tàlá la lò lójú ọ̀nà, mo gbé Toheeb sẹ́sẹ̀, ibà ń ṣe é. Bí ẹ bá pa orúkọ yìí rẹ́ níbí, kò tún sí ibì kankan láyé tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Saheed ń wo ilẹ̀.

"A ò mọ̀, Mà," ó ní. "Ẹ ò sọ fún wa rí."

"N ò sọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

Alága kò pe ìbò mọ́. Ó yẹ fọ́ọ̀mù káńsù wò. "Wọ́n ní ká kọ bí orúkọ ṣe ṣẹ̀, Ìyá Toheeb. Ìlà márùn-ún péré ni wọ́n fi sílẹ̀."

"Kò ní gbà á. Ẹ bá mi wá ìwé òfìfo."

Ó fa àga rẹ̀ lọ síwájú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó jókòó.

"Saheed, mú bírò. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé Ògúnwálé lábúlé wa. Òun ni omi kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀."