Owó Orí Lórí Èènì

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ẹnu tèmi náà ló kó mi sí ọ̀ràn yìí, n kò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn.

Èmi Ràmílátù, ìyàwó Alájì Mìkáílù, ata gbígbẹ ni mò ń tà ní ọjà Adjamé ní Abidjan, ní ìsọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kú. Odindi ata ló wà nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà, owó àjọ mi ni mo fi rà á, ẹni tó bá sì ra ata lọ́wọ́ mi, mo máa ń bá a lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èènì mi nìyẹn. Àwọn mìíràn á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún oníbàárà. Lílọ̀ ni tèmi. Ìyá mi máa ń sọ pé oníbàárà tí kò bá gba èènì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà ní ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Ajé kan ni ọkùnrin kan wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Faransé la jọ sọ.

Ó ní, "Maman, ata yín yìí mà dára o. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń lọ̀ ọ́?"

Háà! Bí wọ́n bá ti yin ọjà mi báyìí, orí mi á wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ata fún un bí ìyá mi ti máa ń kì í, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé bí agbára mi ti mọ:

Ata, pupa tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀,
Kékeré tí ń mú àgbà sunkún lójú ọmọ,
Ẹni tó bú ọ láàárọ̀
Á wá ọ dé ìdí ìkòkò lálẹ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹni tó ra ata níbí tí n kò lọ̀ ọ́ fún. Ẹ̀rọ mi kì í sinmi. Àwọn ilé oúnjẹ tó wà ní Plateau, ata lílọ̀ tèmi ni wọ́n ń jẹ." Mo tilẹ̀ lọ̀ díẹ̀, mo dì í sínú ọ̀rá, mo ní kó mú un lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ó gbà á, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé jáde. Ó ní Gilbert ni orúkọ òun, ilé iṣẹ́ owó orí ló rán òun wá. Gbogbo ohun tí mo sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pátá, bí málékà tó jókòó sí èjìká òsì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. TVA ni owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, sefà méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá tó ń ta ata wẹ́wẹ́ lẹ́bàá títì kò bá a pàdé. Ṣùgbọ́n lọ́dún méjì sẹ́yìn, ilé oúnjẹ kan ní Plateau ní àwọn ò ní ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé TVA mọ́, ni mo bá lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rù kò bà mí. Ohun tí ilẹ̀ bá hù, tí a tà á bí ilẹ̀ ti hù ú, kò ní TVA. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ní gbangba.

Olóṣèlú kan ló sọ ọ́ nígbà tí ìbò ń bọ̀. Wọ́n ta aṣọ gígùn sí ẹnu ọjà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kò sí owó orí lórí oúnjẹ aráàlú. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wa fi pọ́n. Èmi gan-an ni wọ́n tì síwájú pé kí n kì í, mo sì kì í: erin tí ń rìn tí igbó ń yàgò, òjò tí kò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Bí mo bá rántí, ojú a máa tì mí. Kò sọ fún wa pé bí ata bá ti gba inú ẹ̀rọ kọjá, kì í ṣe oúnjẹ aráàlú mọ́.

Ìwé dé lọ́jọ́rú. Kéwú ni wọ́n fi kọ́ mi nílé, Faransé inú ìwé kò yé mi, nítorí náà Rufaidah ọmọ mi obìnrin, tó ń lọ sí yunifásítì, ló kà á fún mi nílé wa ní Koumassi.

"Màmá, wọ́n ní ata lílọ̀ ti di ọjà tí wọ́n yí padà. Wọ́n ní kí ẹ san TVA lórí gbogbo èyí tí ẹ ti lọ̀ láti ọdún méjì. Tó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ẹ ò tíì yanjú ẹ̀, wọ́n á ti ìsọ̀ pa."

"Èwo ni mo lọ̀ tà? Èènì ni!"

"Wọ́n kọ èènì náà síbẹ̀. Wọ́n ní cadeau, ìyẹn ẹ̀bùn, tó bá bá ọjà lọ, ọjà ni."

"Èènì tí ìyá mi fi kọ́ mi?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ jàre, y'a fohi."

Àwọn ọmọ Abidjan! Bí ilé bá ń jó, y'a fohi ni wọ́n á wí, pé kò sí wàhálà. Ìsọ̀ ìyá mi ni wọ́n fẹ́ tì yìí.

Mo kọ́kọ́ pe Lazare, tó jẹ́ aṣojú olóṣèlú yẹn nínú ọjà. Ó ní, "Tantie, ìbò mà ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ti ọdún mìíràn." Ó pa fóònù. Mo rántí erin tí igbó ń yàgò fún. Ó ti wọgbó lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Rufaidah lọ sí ilé iṣẹ́ owó orí ní Plateau. Gilbert wà nídìí tábìlì rẹ̀, ọ̀rá ata mi wà níwájú rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Mo jókòó.

"Gilbert, bí mo bá ta odindi ata?"

"Kò sí TVA, Maman."

"Bí oníbàárà bá gbé e délé, tó gún un?"

"Kò sí."

"Bí ó bá gbé e tọ ẹlòmíràn lọ, tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀?"

"Bí ẹni yẹn bá jẹ́ oníṣòwò kékeré, kò sí."

"Bí ẹni yẹn bá wà ní iwájú ìsọ̀ mi gan-an ńkọ́?"

"Ìgbésẹ̀ kan péré tó, Maman, bí ẹ̀rọ kò bá ti sí lábẹ́ òrùlé yín, tí kì í sì í ṣe tiyín."

"Ata kan náà?"

"Ata kan náà."

"Kò burú. Màkàrónì ńkọ́? Èyí tó wọ ọkọ̀ òkun wá, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò, tí wọ́n gé, tí wọ́n sá, tí wọ́n dì. Èló ni tirẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ata tí mo lọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Méjìdínlógún."

Rufaidah fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Gilbert, ta ló bí òfin yìí?"

"Maman, èmi kọ́ ni mo bí i. Èmi kàn ń pọ̀n ọ́n ni."

N kò lè bínú sí i títí. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti kúrò kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, òun á kọ ọ́ pé n kò mọ̀ ni. Wọ́n á dín ti ẹ̀yìn kù, màá sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí òun bá sì bá ẹ̀rọ níbẹ̀, àgádágodo ni òun á mú dání.

Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ tèmi, Fadeelah ni. Orogún mi ni. Ó ń ta iyọ̀, ilá gbígbẹ àti magí, ọjà kékeré tí TVA kò mọ ojú rẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí a ti bára wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí náà ló sì fà á. Lọ́jọ́ tí mo rà á, ó bẹ̀ mí pé kí n gbé e sí àárín wa, kí òun náà lè máa lọ ilá òun. Mo dá a lóhùn lójú gbogbo ọjà pé ẹ̀rọ mi kì í bá orogún gbé.

Rufaidah ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kàn kọ ìwé pé ẹ ti fún Àǹtí Fadeelah ní ẹ̀rọ náà. Orí ìwé lásán ni. Tiyín náà ni yóò ṣì jẹ́."

Mo ní, "Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ọlọ́run kò mọ ìwé kà ni? Bí mo bá kọ ọ́ pé mo fún un, mo fún un nìyẹn."

Mo ti ń bẹ Ọlọ́run láti bí ọjọ́ mélòó kan pé kó fi ọ̀nà mìíràn hàn mí. Lórí ẹní ìkírun, iwájú Fadeelah ṣáá ni ọkàn mi ń lọ. N kò fẹ́ràn ìdáhùn náà rárá.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ku ọ̀la, mo sọdá.

"Ìyá Rachid, o kú ọjà o."

Fadeelah wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìyá Rachid mìíràn wà lẹ́yìn mi ni?"

"Ìwọ ni mò ń kí."

"Ìyálé mi fọhùn! Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí n má baà ṣubú."

"Ẹ̀rọ mi ni mo fẹ́ gbé wá sọ́dọ̀ rẹ."

"Ẹ̀rọ wo? Ṣé èyí tí kì í bá orogún gbé?"

Ó ti tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tọ́jú iyọ̀ sínú ìgò, kò jẹ́ kí omi kán sí i. Mo rò fún un bó ṣe jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi bọ́.

"Ìjọba ló wá ní kí ẹ máa bẹ̀ mí?"

"N kò bẹ̀ ọ́."

"Ẹ bẹ̀ mí díẹ̀, Ìyálé mi. Díẹ̀ náà tó mi."

Àwọn oníbàárà ti ń wò wá. Mo wo ìsọ̀ ìyá mi lẹ́yìn mi. Mo ní, "Jọ̀wọ́." Ewúro tí a kò fọ̀ dùn jù ú lọ.

Ojú Fadeelah rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rọ̀. "Mo gbà. Àmọ́ ẹ̀rọ tó bá wà lábẹ́ òrùlé mi, tèmi ni. Gilbert yín ló wí i. Màá máa lọ̀ ọ́ ní àádọ́ta sefà."

"Àádọ́ta! Ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é!"

"Ọ̀fẹ́ yín yẹn ló fẹ́ tì yín mọ́ ìta."

Rufaidah kọ ìwé, mo fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, alábàárù mẹ́rin gbé ẹ̀rọ sọdá ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun méjì lọ. Kò ju ìṣẹ́jú kan. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ ọ kó má baà sọdá ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Gilbert dé, àgádágodo ń tàn nínú báàgì rẹ̀. Ó yọjú sí ẹ̀yìn ìsọ̀ mi, ó rí ibi tí ẹ̀rọ ti kúrò, tí ilẹ̀ funfun yàtọ̀. Ó rí ẹ̀rọ tó ń pariwo níwájú. Ó ka ìwé. Ó pa báàgì dé.

"Ó dára, Maman. Ìsọ̀ yín wà ní ṣíṣí."

Mo ní, "Al-hamdu lillahi." Mo tún un sọ kó lè dé inú mi, torí orí ahọ́n nìkan ló wà.

Gilbert kò lọ. Ó ní ata ti tán nílé òun, kí n wọn kílò kan fún òun. Mo wọ̀n ọ́n, odindi. Ó sanwó, ó dúró.

"Maman, cadeau mi ńkọ́?"

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. "Kọ ọ́ síwèé ná, kí n tó fún ọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín mi kò ní í dé, ó gbé ata rẹ̀ sọdá lọ́dọ̀ Fadeelah. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ dún, mo gbọ́ tó dákẹ́.

"Àádọ́ta sefà," ni Fadeelah wí.

"Àádọ́ta kẹ̀? Ọ̀fẹ́ ni Maman máa ń ṣe é!"

"Ó máa ń ṣe é," ni Fadeelah wí. Ó na ọwọ́ sí i, kò bá a ṣe àwàdà. "Kí ló dé tí kò ṣe é mọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Gilbert wo èmi, ó wo òun. Ó ki ọwọ́ bọ àpò.