Ewé Tuntun Nínú Apẹ̀rẹ̀ Kòkó

Nígbà tí Olúyẹ́misí wà ní kékeré ní ìlú Oǹdó, òórùn kòkó ni aago ilé wọn. Tí kòkó tí wọ́n bò mọ́ inú apẹ̀rẹ̀ bá ti ń rùn bí ọtí tó kan, ó ti di ọjọ́ kẹta nìyẹn. Ìyá rẹ̀ yóò ṣí i, yóò rò ó kí tìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Ní ọjọ́ kẹfà, ó di orí ẹní nínú oòrùn. Kí ọjọ́ má baà dàrú mọ́ ọn lójú, màmá a máa to hóró kòkó gbígbẹ sí ojú fèrèsé, hóró kan fún ọjọ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí ìkórè bá parí, á yan gbogbo hóró tó fi ka ọjọ́, á lọ̀ wọ́n, wọ́n á fi omi gbígbóná pò ó mu. Ó máa ń korò.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí Yẹ́misí pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀lẹ mú un, kò kó ewé àtijọ́ kúrò, ó kàn ń tẹ́ tuntun lé e. Ewé di ìpele mẹ́ta. Tìsàlẹ̀ jẹrà, ó ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sáàárín kòkó, odidi apẹ̀rẹ̀ kan sì bu. Màmá kò nà án. Ó jókòó tì í, ó ń ṣí ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Wò ó dáadáa."

Yẹ́misí ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì báyìí. Ó ń bójú tó fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Ìníolúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì ń wá èkejì.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí nǹkan oṣù Yẹ́misí ti dàrú. Á pa oṣù méjì jẹ, á wá dé lójijì, á sì dà fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tòun ti ẹ̀jẹ̀ dídì. Ní oṣù kìíní ọdún, dókítà kan fún un ní oògùn tí yóò máa lò fún ọjọ́ méjìlá lóṣooṣù. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ dá wáí. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ̀rù ló bà á. Ní agbo ilé wọn ní Oǹdó, gbogbo obìnrin ló gbà pé ìdọ̀tí ni ẹ̀jẹ̀ náà ń fọ̀ jáde, pé tí èèyàn bá dí i, á di òkúta nínú. Ó ki oògùn náà bọ ìsàlẹ̀ àpótí, kò sì sọ fún ẹnì kan.

Ní oṣù kẹrin, ó fẹ́ dìde lórí àga ní ọ́fíìsì, òòyì gbé e, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin aṣọ rẹ̀. Ọmọ́wùnmí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi gèlè ara rẹ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù.

Dókítà Májẹ́kódùnmí, obìnrin tí kì í kánjú, ló gbà á, ó sì rí oògùn oṣù kìíní nínú fáìlì rẹ̀.

"Ẹ lo oògùn yẹn títí dé ọjọ́ kejìlá, mà?"

Yẹ́misí wolẹ̀. "Ọjọ́ kẹrin ni mo dá a dúró. Wọ́n ní tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró sínú, á di òkúta."

"Àwọn tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi á kún yàrá yìí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dúró síbì kan. Ẹ wò ó." Dókítà fa bébà kan, ó ya nǹkan tó dà bí àpò tó dorí kodò. "Ilé ọmọ ní ìtẹ́ nínú. Lóṣooṣù ni ara ń tẹ́ ẹ de oyún. Omi ara kan ló ń sọ fún un pé, 'Máa nípọn.' Tí ẹyin bá já, omi ara kejì á dé, á ní, 'Ó tó.' Tí oyún ò bá wá, méjèèjì á relé, gbogbo ìtẹ́ náà á wó jáde, ara á tún tẹ́ tuntun. Tiyín, ẹyin kì í já déédéé, torí náà ẹni tó ń sọ pé ó tó kì í wá. Ìtẹ́ ń gun orí ìtẹ́, ó wá ń já wẹ́wẹ́."

"Wọn ò kó ti àtijọ́ jáde kí wọ́n tó tẹ́ tuntun," ni Yẹ́misí wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Dókítà wò ó tìyanu-tìyanu. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Iṣẹ́ ẹnì kejì yẹn ni oògùn náà ń ṣe. Ẹ dá a dúró ní ìdajì ọ̀nà."

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n sì gé fín-ín-fín lára ìtẹ́ náà fún àyẹ̀wò. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un: tí ó bá ti ń yí sí jẹjẹrẹ, ilé ọmọ gbọ́dọ̀ jáde. Tí kò bá tíì yí, oògùn á tó o.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, dókítà."

"Mo gbọ́, mà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì máa gbà."

Yẹ́misí gba ìsinmi, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ẹ̀yìnkùlé ló bá màmá rẹ̀, ó ń fọ́ kòkó ìwọ̀nba igi tó ṣẹ́ kù síbẹ̀.

"Ta ló kú?" ni màmá fi kí i. "Ọjọ́ iṣẹ́ ìjọba nìyí."

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá fa ẹ̀jẹ̀ ojú ẹ gbẹ? Bu omi mu, kóo wá tẹ́ ewé."

Ó ń tẹ́ ewé, ó sì ń rò ó fún màmá: oògùn, òkúta, ìtẹ́ tó ń gun orí ìtẹ́. Ọwọ́ màmá dúró lórí kòkó.

"Èmi ni mo sọ fún ọ pé á di òkúta."

"Gbogbo agbo ilé ni, Màmá."

"Èmi ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. "Lẹ́yìn tí mo bí ọ, ọdún mẹ́rin ni èmi náà fi da ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ó ń fọ inú mi ni. Mo ń retí kó fọ̀ ọ́ tán. Ìgbà tó fi máa dá, kò sí ọmọ mìíràn mọ́."

Yẹ́misí rántí okùn ẹ̀yìn ilé ìdáná, àti àwọn aṣọ aláró dúdú tó máa ń wà lórí rẹ̀ láàárọ̀, omi á ṣì máa kán lára wọn. Láti kékeré ló ti rò pé àwọ̀ tí màmá òun fẹ́ràn jù nìyẹn, àṣé ẹ̀jẹ̀ ni aró náà ń bò.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, màmá tẹ̀ lé e lọ sí Àkúrẹ́. Dókítà ṣí èsì náà.

"Ó nípọn, ó rí jágbajàgba, àmọ́ kò tíì yí. Oògùn ojoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, a ó tún gé e wò."

Yẹ́misí bú sẹ́kún. Màmá kò sunkún, ìbéèrè ló ní. "Dókítà, hóró mélòó lójúmọ́?"

"Ẹyọ kan, Màmá."

"Mo lè ka ìyẹn."

Láti ọjọ́ kejì, kò sí òwúrọ̀ tí fóònù kì í dún láti Oǹdó.

"O ti mì ín?"

"Mo ti mì ín, Màmá."

"Mi ò gbọ́ kí ọ̀fun ẹ ró."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Sátidé ni!" Káyọ̀dé á ké láti abẹ́ aṣọ ìbora.

"Ìwọ ni wọ́n kọ oògùn fún? Máa sùn."

Tí Yẹ́misí bá dáhùn tán, á gbọ́ kó! lórí fóònù: hóró kòkó kan ti bọ́ sí ojú fèrèsé.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún gé ìtẹ́ náà wò. Ó ti fẹ́lẹ́, ó sì mọ́. Dókítà ní bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ, kí wọ́n wá kí àwọn jọ wo ti ẹyin tí kì í já.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo wọn lọ sí Oǹdó. Màmá ti gbá hóró ojú fèrèsé jọ, ó ti yan án, ilé sì ń ta sánsán. Ìníolúwa fi ẹnu kan ife, ojú rẹ̀ hunjọ.

"Màmá àgbà, ó korò!"

"Bí ìyá ẹ náà ṣe ń sọ nìyẹn. Mu ún."

Yẹ́misí gbé ife tirẹ̀ lọ sídìí fèrèsé. Ojú fèrèsé náà mọ́ tónítóní, àyàfi hóró kòkó kan tó dá jókòó ní igun.

"Màmá, oògùn ti parí. Kí lẹ tún ń kà?"

Màmá wo ikùn rẹ̀ fìrí, ó sì gbójú kúrò. "Kò kàn ọ́. Mu kòkó rẹ kó tó tutù."