Egbò Tí Kò Dun Ìyá Mùnírátù

Orin ni Ìyá Mùnírátù kọ wọ ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Èrúwà, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń gbè é. Eyín kan péré ló ní kí wọ́n bá òun yọ.

"Màmá, ẹ gbé ahọ́n sókè." Dókítà tanná síbẹ̀. "Egbò yìí ńkọ́?"

"Ó ti lé lóṣù mẹ́ta. Aṣáà ni mo ń fi bò ó. Kò dùn mí rárá, ó ń san nìyẹn!"

"Èyí tí kì í dunni gan-an là ń bẹ̀rù. A ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ká fi mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni."

"Lára ahọ́n tí mo fi ń lé orin?"

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́. Ìyá tún lé orin. Kò sẹ́ni tó gbè é.