Yàrá tí Irja Tọ́jú De Ìyá Rẹ̀

Ẹnu obìnrin tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù ni Irja ti gbọ́ pé ìyá òun kò sí nílé. Iná ti lọ ní gbogbo abúlé Hietavaara láti àná. Yìnyín ti pọ̀ lórí àwọn igi títí wọ́n fi tẹ̀, tí àwọn kan sì wó lu wáyà. Irja wá ra àbẹ́là.

Obìnrin náà ní, "Ọkàn yín á ti balẹ̀ báyìí. Mo rí àbúrò yín tó fi ọkọ̀ gbé Màmá kọjá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni."

"Àbúrò mi wo?" Irja béèrè, bí ẹni pé ó ní ju ẹyọ kan lọ.

Ẹyọ kan náà ni, Terttu ni orúkọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì adágún, ilé àtijọ́ tí ọ̀dà ti ń bó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ààrò bíríkì ńlá kan wà láàrin rẹ̀. Tí wọ́n bá dáná sí ààrò náà láàárọ̀, yóò ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ọjọ́ kejì. Ilé Irja ní tirẹ̀ jẹ́ tuntun, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ iná mànàmáná nìkan ló ń mú un móoru. Bí iná bá ti lọ, kò sàn ju ilé Màmá Aune, ìyá wọn, fúnra rẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n ti dí ààrò pa látìgbà tí ihò èéfín ti sán.

Kò sẹ́ni tó lè bá Màmá wí pé ó lọ síbi tí ooru wà. Irja náà mọ̀. Ohun tó dùn ún ni pé Màmá ò tiẹ̀ pe òun. Òun ni àkọ́bí. Òun ló ń gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló ń ra oògùn rẹ̀, òun ló ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ tí òtútù wá dé, Terttu ni Màmá pè.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá lò lọ́hùn-ún. Nígbà tó padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, kò sì yé sọ̀rọ̀. "Nílé Terttu, a yan ẹja." "Nílé Terttu, ajá yẹn sùn lé mi lẹ́sẹ̀ ni o." Irja, tí kì í jẹ́ kí ajá tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ń bu kọfí sí ife, ó ń dáhùn pé, "Ó dáa, Màmá," kọfí sì ń dà sórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, owú ń bá a jí, ó ń bá a sùn. Ó rántí pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Terttu ni Màmá máa ń gbé lé itan nínú sáúnà, yàrá ìwẹ̀ olóoru wọn, tí òun á dá jókòó lókè níbi tí ooru ti ń ta ni létí.

Bí yìnyín ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó sọ fún Tauno ọkọ rẹ̀ pé àwọn máa mọ ààrò.

"Níbo?"

"Láàrin ilé. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà yẹn."

"Kí n wá máa wo kí ni?"

"Máa wo ààrò."

Bírìkìlà dé, ó tú pákó ilẹ̀, ó da kọnkéré, ó mọ ààrò náà títí ọ̀pá èéfín rẹ̀ fi yọ lórí òrùlé. Tauno la igi títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, wọ́n tò ó sábẹ́ àtíbàbà kí oòrùn ìgbà ooru lè gbẹ ẹ́. Oníṣẹ́ iná gbé jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n kọ́ ilé kékeré fún un jìnnà sí fèrèsé, kí èéfín má baà wọlé. Ó fi ṣéńjófà sára ògiri. Irja ra kẹ́ẹ̀gì epo, ó ra kẹ́ẹ̀gì omi, nítorí bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga náà lọ nìyẹn. Ó ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí èéfín olóró tí kò lóòórùn bá kún inú ilé. Ó ra àtùpà, ó ra bátìrì, ó ra kúbùsù onírun àgùntàn.

Tauno ní, "Irja, ṣé òtútù là ń múra dè ni àbí ogun?"

"Òtútù ni."

"Òtútù tó ń jẹ́ Terttu."

Irja kó àwọn kúbùsù náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá tó fẹ̀yìn ti ààrò ló tọ́jú de Màmá. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun síbẹ̀, ó ta kọ́tìnì aláwọ̀ búlúù tí Màmá fẹ́ràn. Ó wá irú àga onígi tó wà nílé Terttu títí ó fi rí i, àmọ́ èyí tó rà ní tìmùtìmù.

Nígbà tí òtútù padà dé, gbogbo abúlé ń bẹ Ọlọ́run kí iná má lọ. Irja nìkan ló ń jí láàárọ̀ tó ń wo orí igi bóyá yìnyín ti pọ̀ tó. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń pariwo, inú rẹ̀ á máa dùn bíi ti ẹni tó ń retí àlejò. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé òrùlé àtíbàbà igi Terttu ti jò, pé ìdajì igi rẹ̀ ló ti tutù. Irja ní, "Èèyà, ó mà ṣe o." Lẹ́yìn náà ló ra àkàrà òyìnbó olómi ọsàn, ó sì jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, ó ń kọrin.

Ọ̀sán gangan, lẹ́yìn ọdún tuntun, ni fìrìjì dákẹ́.

"Iná ti lọ," Tauno wí.

Irja ti wọ bàtà. Tauno ń wò ó bó ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kiri. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, o ò yára tó báyìí," ó ní.

Àmọ́ nígbà tó máa fi dé ilé Màmá, ọkọ̀ Terttu ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Terttu fúnra rẹ̀ ń jáde bọ̀, àpò Màmá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé àpò yẹn sílẹ̀," Irja wí.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní gbé e sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá ń lọ. Ààrò wà ńbẹ̀, iná wà ńbẹ̀, omi ń yọ."

"A ti gbọ́. Gbogbo abúlé ló ti gbọ́. Ó kù kí ẹ fi rédíò kéde ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Igi tútù lo fẹ́ fi mú Màmá móoru? Ṣé èéfín lo fẹ́ fún wọn jẹ?"

"Èéfín ilé mi ò pa wọ́n léṣìí."

Màmá Aune yọ sí wọn látẹnu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ṣé àpò ọ̀dùnkún ni mí ni, tẹ́ ẹ̀ ń fà mí síhìn-ín sọ́hùn-ún? Ẹ bi èmi náà léèrè ná!"

Màmá wo Terttu, ó wò ó pẹ́. Ó wá yíjú sí Irja. "Ẹni tó mọ odidi ààrò nítorí mi, tí mi ò bá débẹ̀, kò dáa."

Terttu gbé àpò náà sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Irja fẹ́ fi ayọ̀ rẹ̀ pamọ́, àmọ́ kò rí ibi tó máa fi í sí.

Gbogbo nǹkan nílé lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Jẹnẹrétọ̀ dáhùn ní fífà kan ṣoṣo. Omi ń yọ, ààrò ń móoru, ọbẹ̀ ẹran sì ń hó lórí iná.

"Jẹ́ n fọ àwọn ife yẹn," Màmá wí.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

"Igi ti fẹ́ẹ́ tán nínú ààrò."

"Tauno á fi sí i. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Màmá jókòó. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣì jókòó. Ó gbé àga lọ sídìí fèrèsé, ó ń wo òdìkejì adágún. Nígbà tí Irja ń gbé páì ìrẹsì gbígbóná bọ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá, ẹ̀rín tí kò gbọ́ látìgbà tí Màmá ti dé. Fóònù ló fi ń bá Terttu sọ̀rọ̀.

"Níbí? Ó móoru. Ó mọ́. Àfi bí ọsibítù!"

Irja gbá ilẹ̀kùn wọlé. Páì kan yọ̀ bọ́ lórí àwo.

"Màmá, kí ni mi ò ṣe? Ẹ sọ fún mi lónìí. Kí ló wà nílé Terttu tí kò sí níbí? Ṣé torí ajá ni? Kí n lọ ra ajá?"

Màmá pa fóònù. "Iṣẹ́ ló wà ńbẹ̀," ó ní. "Terttu á ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po ìyẹ̀fun.' Èéfín á tú jáde, a ó jọ máa sáré ṣí fèrèsé. Irja, o rò pé Terttu ló ń tọ́jú mi? Èmi ni mo ń lọ tọ́jú ẹ̀. Látìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti lọ, kì í jẹun tí kò bá rẹ́ni bá a jẹ ẹ́. Bí iná bá lọ, àyè nìyẹn fún mi láti bá a gbé. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ ni."

Ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ti Irja kò rí bẹ́ẹ̀. Owú náà wulẹ̀ tún gba ibòmíràn bù ú jẹ.

"Èmi ńkọ́?" ó ní. "Ta ló ń tọ́jú èmi? Látọjọ́ tí Bàbá ti kú, ẹ ò bi mí rí pé ṣé mo ti jẹun."

Màmá wò ó bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tuntun. "Ṣé o fẹ́ kí n máa bi ọ́ ni? Ìwọ tó o lè ṣe gbogbo nǹkan?"

"Mi ò lè ṣe gbogbo nǹkan."

"Kí lo ò lè ṣe?"

Irja bẹ̀rẹ̀, ó ṣa páì tó bọ́ sílẹ̀. "Búrẹ́dì dúdú," ó ní. "Tèmi kì í wú."

Màmá fọwọ́ gbá itan, ó dìde. "Ó ṣe tán! Ààrò tó tóbi báyìí! Ìwúkàrà dà?"

Ìwúkàrà kò sí. Èyí tí wọ́n ti ń fi ìyẹ̀fun bọ́ kó má baà kú láti ayé ìyá ìyá wọn, ọ̀dọ̀ Terttu ló wà. Irja wakọ̀ lọ sí òdìkejì adágún lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń bú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó bá Terttu tó wọ ẹ̀wù òtútù nídìí ààrò, igi tútù ń rú èéfín bò ó, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìwúkàrà ni mo wá tọrọ," Irja wí.

"Ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ ní Màmá, ẹ tún wá gba ìwúkàrà." Terttu nu ojú. "Ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ yín láti ibí? Bí mo bá sì yọjú, ojúlé kan ṣoṣo tó ní iná lábúlé yìí ni mo máa rí. Inú ń bí mi débi pé mo ta kọ́tìnì bò ó."

Irja fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń jowú ara wọn láti apá adágún kan sí èkejì, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó ní, "Gbé ajá yẹn, ká máa lọ."

"Nínú ilé yín?"

"Mo ní gbé e kí n tó yí ọkàn padà."

Búrẹ́dì náà wú díẹ̀. Màmá gé èyí tó kọ́kọ́ jáde, ó fi bọ́tà sí i, ó sì nà án sí Terttu. Irja rí i. Ó gé tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iná dé, olúkúlùkù sì padà sílé rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Irja tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù dún. Màmá ni.

"Irja, ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun, Màmá."

"Dìde, jẹun."

Ó wà lẹ́nu Irja láti béèrè pé ṣé Màmá ti kọ́kọ́ pe Terttu ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì lọ gbé ìkòkò kaná.